Ẹ̀sùn Omi Nínú Bẹntiróòlù

Èmi ni mo gbé ẹ́ńjìnì ńlá sínú ọkọ̀ kékeré yẹn. Alájì tó ni ín fi ń kó gààrí láti Igangan wá sí Ìgbó-Ọrà, ó ní èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lágbára mọ́. Mo ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ tó wà á lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà dé.

“Mẹkáníìkì, ọkọ̀ yìí ń wúkọ́ o!”

“Ìgbà wo ló máa ń wúkọ́, Alájì?”

“Bí mo bá ń rọra lọ, kò sí nǹkan kan. Kí n ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa lójú ọ̀nà Ìdèrè, ṣe ló máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.”

Mi ò tú nǹkan kan wò. Mo bi í níbi tó ti ń ra epo. Ó ní lọ́dọ̀ ìyá tó ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi.

“Omi ti wọ epo yẹn,” ni mo wí.

Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta tó wá lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá náà wá bá mi. Kò pariwo. Ó gbé ìgò bẹntiróòlù kan sórí tábìlì mi.

“Oníbàárà ò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Omi wúwo ju epo lọ, ọmọ mi. Bó bá di ọ̀sán, wo ìdí ìgò yìí.”

Nígbà tó di ọ̀sán, mo wò ó. Omi kankan ò sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Alájì wò. Èyí tí epo ń tó máa ń ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà. Àwọn ti ọkọ̀ yìí funfun. Epo ò tó wọn. Mo ti gbé ẹ́ńjìnì ńlá sí i, mo sì fi pọ́ǹpù epo kékeré ti àtijọ́ sílẹ̀ nínú táńkì. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, apá pọ́ǹpù náà ń ká a. Bó bá sáré, kò lè gbé epo tó tó o wá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìnira àtisọ táńkì kalẹ̀ ni mo sá fún.

Mo pààrọ̀ rẹ̀. Èmi àti Alájì wa ọkọ̀ náà dé Ìdèrè, kò wúkọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà.

“Áà, orí ìwọ ni omi wọ̀ nígbà yẹn,” ló wí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ó ń da epo lọ́wọ́, kò dá a dúró.

“Ta ló gbọ́ nígbà tó o sọ ọ́?”

“Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta, mà.”

“Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ò lè ra epo lọ́wọ́ mi. Àwọn ni kó o lọ sọ fún.”

Mo rí méjì nínú wọn níbi tí wọ́n ti ń gbé èrò, mo sì sọ fún wọn pé ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀kan fi mí rẹ́rìn-ín títí: “Mẹ́ka, o ò mọ iṣẹ́ ẹ ni?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn ṣe é ni. Àwọn méjèèjì ti ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Ẹnì kẹta ti kó lọ sí Èrúwà. Mo ti wá a lọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò bá a. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìyá kan ń po omi mọ́ epo n’Ígbó-Ọrà.