Ọbẹ̀ Ẹyìn tí Bùkọ́lá Sè

Òórùn ewé eéran tó ń gbóná lórí iná ni mo fi ń rántí Mojísọ́lá ọmọ mi. Nínú ilé wa ní Crusher, ní Lọ́kọ́ja, á di ẹja sínú ewé náà, torí-tìrù, pẹ̀lú ata rodo àti ewé ẹfinrin, á gbé e ka orí omi híhó kí ooru sè é. Á fi fóònù ti agolo mílíìkì, á máa bá àwọn ènìyàn tí mi ò rí sọ̀rọ̀. Èmi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta lò ń kí, ìwọ ọmọ yìí?" Mi ò mọ̀ pé obìnrin púpọ̀ ló ń wò ó, tí àwọn náà ń dáná fún un wò. Ẹni tó bá kọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì á sọ ọ́ síta: "Ọwọ́ lágbájá ni mo ti kọ́ ọ." Òfin wọn nìyẹn, ó sì jọ ti ilé wa ní Yàgbà.

Àìsàn mú un lọ. Ilẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ tí mo fi rí Bùkọ́lá ará Gadumo, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, lójú fóònù, Bùkọ́lá tó ti jókòó lórí àpótí mi, tó jẹ ẹja náà títí tó fi lá ewé. Ó gbé e jáde, ó ní, "Èmi ni mo fúnra mi ronú ẹ̀ o, ẹ ò lè rí i níbòmíràn." Mo pè é. Mo rọra bá a sọ̀rọ̀, mo ní kó ṣáà dárúkọ ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Màmá! Òkú ń dáná ni?"

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá gbẹ̀san.

Rámátù ọ̀rẹ́ Mojísọ́lá, ọmọ àwọn ará Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ló kọ́ mi ní fóònù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ mo mọ ohun tí mò ń wá. Mo jókòó ti ìkànnì ọmọ mi, mo ń dán oúnjẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Mo fi ẹ̀pà se ẹ̀fọ́ bíi ti Ṣafúrátù ará Natako. Mo se ọbẹ̀ wàrà Rámátù, àmọ́ mo rò ó bí ẹni ń ro ọkà, gbogbo wàrà fọ́ wẹ́wẹ́. "Kai, Màmá! Ẹ ṣàánú wàrà!" Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo ń dárúkọ ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣọ́ Bùkọ́lá.

Nígbà tí mo rí i pé ó ti ń yọjú sí ìkànnì ọmọ mi, mo rántí ọbẹ̀ ẹyìn. Bùkọ́lá kò bá wọn ṣa ẹyìn nídìí ọ̀pẹ rí. Inú agolo ló ti ń bu tirẹ̀, bàǹgá ló ń pè é. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi àmì sí i, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù: "Obe eyin ti Mojisola ko fi han enikeni ri. Se eyin ko jinna. Gun un ninu odo. Fi omi gbigbona fo o, se e, ki o fi ata ati eja si i."

Rámátù wò ó. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi 'ope' sí i, kí ẹnìkan má lọ kà á sí ẹyin adìyẹ."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí lójú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìkà ni yín o, ìyá yìí!"

Kò pẹ́ tí Bùkọ́lá fi jáde, tòun ti gèlè. Ó bó ẹyin adìyẹ tó kún abọ́, ó dà á sínú odó, ó ń gún un! Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ohun tó jáde dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fà ro, síbẹ̀ ó ní, "Ó dùn jọjọ! Àṣírí ìyá-ìyá mi nìyí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ohun tí mi ò ṣe rí látìgbà tí ọmọ mi ti kú. Àwọn ènìyàn dà bò ó. "Àǹtí, adìyẹ wo ló yé ẹyin tí à ń gún lódó?" "Na egg you dey pound so?" "Ṣé ìyá-ìyá ẹ ò lọ́pẹ lóko ni?" Èmi náà kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀, Rámátù bá mi fi àmì sí i: "Ẹyìn ni, kì í ṣe ẹyin. Ẹni tó bá máa jí ọbẹ̀, kó jí ẹni tó ń sè é mọ́ ọn."

Bùkọ́lá wá bá mi ní Crusher, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́."

"Orúkọ? Ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ ń dun èèyàn?"

Mi ò ní kó dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni Rámátù ti gbé fóònù sí i lójú, Bùkọ́lá sì sọ ọ́: "Ẹja inú ewé yẹn, ọwọ́ Mojísọ́lá ni mo ti kọ́ ọ."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bí ọdún bá dé, Bùkọ́lá á fi oúnjẹ ránṣẹ́, èmi á dá a padà. Rámátù ní kí n foríjì í, pé ó ti sọ ohun tí mo ní kó sọ. Lóòótọ́ ni. Títí dòní, bí ilé bá ti dákẹ́, mo máa ń ṣí fídíò náà, mo ń dá a dúró níbi tó ti pe orúkọ ọmọ mi, mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀. Mo sọ fún Rámátù pé kó ní sùúrù, etí mi ò tíì gbọ́ ọ tó.