Afẹ́fẹ́ Inú Kòtò Kùsà Ìjerò

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ohun tí ojú èèyàn kò bá rí, irinṣẹ́ yóò rí i, àti pé ohun tí irinṣẹ́ bá ti rí, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì ṣì wà, Àkúrẹ́ ni a ti ń gba gbogbo ìwé àṣẹ, mo sì ń kàwé fún oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Mo ní ẹ̀wù funfun kan tí a fi ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ lọ síbi tí kò yẹ. Mo wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ láti Aramọko lọ sí Ìjerò, kí àwọn èrò lè máa pè mí ní dókítà. Wọ́n sì pè mí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tilẹ̀ ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi oówo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ hàn mí, mo sì wò ó bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, ló rán mi. Ó ti ṣiṣẹ́ rí lókè òkun, nínú yàrá ìwádìí kan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè ńlá, kí àpáta lè dí ìtànṣán tó ń rọ̀ láti ojú ọ̀run, kí àwọn ẹ̀rọ wọn lè ráyè ka ohun tó kéré jù lọ. Ṣùgbọ́n àpáta tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ ní àléébù tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rádọ́ọ̀nù. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń da ìṣirò ẹ̀rọ rú, bí èèyàn bá sì ń mí i símú fún ọdún gbọọrọ níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè kọjá, ó lè dá àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀gá mi ń lá àlá pé lọ́jọ́ kan, àwa náà yóò ní yàrá abẹ́ òkè tiwa. Ó ti gbọ́ pé àwọn awakùsà kan gbẹ́ kòtò wọnú òkè létí Ìjerò, ó sì ní kí n lọ wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wá. Bí rádọ́ọ̀nù ibẹ̀ bá kéré, àlá rẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Irinṣẹ́ mi kò ju ife oníke funfun mẹ́wàá lọ. Mo lẹ ike pẹlẹbẹ kan, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, mọ́ ìdí ife kọ̀ọ̀kan nínú, mo sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á rọra wọlé, á fi àpá tí ojú lásán kò lè rí sára ike. Lẹ́yìn oṣù kan, a óò sè é nínú omi sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ, a óò wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ka àpá náà. Bí àpá bá pọ̀, afẹ́fẹ́ burúkú pọ̀. Iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe ni, lójú mi.

Àwọn awakùsà náà jẹ́ mẹ́sàn-án, tánganran ni wọ́n ń wá. Olórí wọn jẹ́ àgbàlagbà kan tó wá láti ọ̀nà Òṣogbo, tó ti pẹ́ ní Ìjerò débi pé ilé rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Obìnrin kan wà pẹ̀lú wọn, opó ará Ìpótì, tí gbogbo wọn ń pè ní Yèyé. Òun ló ń fọ òkúta tí wọ́n bá wà jáde, òun ló ń se oúnjẹ, ahéré rẹ̀ onímọ̀ọ̀pẹ sì wà lẹ́nu kòtò gan-an. Kòtò náà ní ojú méjì. Wọ́n ń gba ti ìsàlẹ̀ wọlé, àmọ́ èkejì kékeré wà lókè tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Òjò náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà òjò, omi á mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n sì ti ń rò ó tipẹ́ láti dí i, ẹ̀rù àìrí atẹ́gùn mí ló ń bà wọ́n.

Ọjọ́ tí mo gbé àwọn ife kọ́ tán, olórí bi mí pé, "Tíṣà, ohun tí ẹ ń wò yìí, tó bá dára, ṣé a lè dí ojú òkè yẹn? Omi fẹ́ pa wá."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Bàbá," ni mo wí.

Nígbà tí oṣù pé, mo padà lọ́jọ́ tí mo dá fún wọn. Gbogbo ife wà lórí ìṣó tí mo kàn. Wọ́n mọ́ tónítóní. Oṣù kan gbáko nínú kòtò tí eruku òkúta ń bọ́, tí omi ń kán, ife funfun ṣì funfun! Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi ò béèrè. Mo kó ife mi, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo ka àpá ara ike, wọn ò tó nǹkan rárá. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n lọ gbé ife tuntun kọ́ fún oṣù kan sí i, kó lè dá wa lójú.

Ohun tí ó rán mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo fi tèmi kún un. Mo gbé ife tuntun kọ́ tán, mo dúró lẹ́nu kòtò nínú ẹ̀wù funfun mi, mo ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ inú kòtò yín mọ́." Olórí ṣí fìlà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọkùnrin tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Orí mi wú. Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ń yí òkúta lọ sójú òkè.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn èyí, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan bu omi tó fẹ́ fi ṣe ìwádìí wá láti odò kan ní ìtòsí Erìò. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, mo bá ní kí n yà kí àwọn èèyàn mi ní Ìjerò. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mo ń bọ̀. Yèyé nìkan ló wà níta, ó ń fọ òkúta. Mo wọ ahéré rẹ̀ láti gbé àpò mi kalẹ̀, mo bá rí ife mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí pẹpẹ, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n dojú wọn dé láàárín ṣọ́bìrì àti àtùpà tí wọn kò lò lọ́jọ́ náà.

"Yèyé, ta ló kó ife wọ̀nyí jáde?"

"Àwọn ọmọ mi ni," ni ó fi ẹ̀rín dáhùn. "Bí uṣẹ́ bá ti parí, kò sí ohun uṣẹ́ tó ń sùn nínú kòtò. Gbogbo rẹ̀ á gba ọwọ́ mi kọjá, mo máa kà á. Èyí tí n kò bá rí, mo mọ̀ pé ẹnìkan ṣì kù nínú."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o ti gbé e dé. Ti àkọ́kọ́ náà, ulé mi níbí ló wà. Ọjọ́ tó o bá dá pé o máa wá la máa ń gbé e padà. Ọmọ mi, ṣé mo máa jẹ́ kí ugbá àlejò bàjẹ́ ni?"

Afẹ́fẹ́ ahéré onímọ̀ọ̀pẹ, tí atẹ́gùn ń gba ìhà gbogbo wọ̀, ni mo wọ̀n. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án sì wà nínú òkè nísinsìnyí, ojú kan ṣoṣo ni kòtò wọn ní, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kí n má parọ́, oyè mi ni mo kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà ni mo tó rò wọ́n. Ìyẹn ṣì ń tì mí lójú. Mo bẹ Yèyé kó pè wọ́n jáde. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ojú wọn bí ẹni pé rádọ́ọ̀nù á hàn níbẹ̀.

Mo ní mo ṣì í kà, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí ojú òkè. N kò dárúkọ Yèyé. Ó dúró tì wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó mọ́," ni olórí wí. "Òjò méjì ti rọ̀, ẹsẹ̀ wa ò rin. Ẹ tún ní ká ṣí i. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, Tíṣà, kí lẹ máa ní ká ṣe?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ọkùnrin náà ti ń gbé ṣọ́bìrì, wọ́n fẹ́ padà wọlé. Yèyé bá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé torí ugbá tí mo gbà lọ́wọ́ wọn ni?"

Mo bojú wo ahéré rẹ̀. Ìyẹn tó o ní ìdáhùn.

"Kò ṣì í kà," ni ó sọ fún wọn. "Èmi ni. Afẹ́fẹ́ inú ulé mi ló kà, kì í ṣe ti kòtò." Ó rìn lọ, ó jókòó sójú ọ̀nà kòtò, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lónìí, kó gba orí mi kọjá."

Olórí ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó gun òkè lọ. A jọ ń gbé òkúta kúrò títí oòrùn fi wọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ẹ̀wù funfun di ẹrẹ̀. Ìgbà tí a ṣe tán, olórí ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wọn kòtò, kó máa sùn nítòsí rẹ̀." Mo sì sùn nítòsí rẹ̀, oṣù kan gbáko, mo ń wo ife mi láràárọ̀. Pẹ̀lú bí ojú òkè ti ṣí sílẹ̀ tó, àpá tí mo kà lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ débi pé wọ́n ń gun ara wọn. Wọ́n fẹ ojú òkè sí i, wọ́n la ọ̀nà omi. Ọ̀gá mi ka èsì náà tán, ó pa ìwé dé, a kò sì sọ̀rọ̀ yàrá abẹ́ òkè mọ́. Kò bi mí pé báwo ni afẹ́fẹ́ náà ti rí nígbà tí ojú òkè wà ní dídí. Ó mọ̀ pé n kò lè mọ̀ ọ́n.

Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé olórí awakùsà yẹn kú, mo béèrè ohun tó pa á. Wọ́n ní ikọ́ ni. Ó lè jẹ́ eruku òkúta, ó lè jẹ́ tábà, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ orí, nítorí ó dàgbà kó tó lọ. Ìṣirò sọ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí ojú òkè fi wà ní dídí kò tó ohun tó ń pa èèyàn. Mo ti ṣe ìṣirò náà lórí ìwé, mo ti ṣe é lójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan náà ló ń jáde. Mo tún ṣe é láàárọ̀ òní.