Márùn-ún Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Sin Mí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí àbúrò mi tó kàwé fi ojú mi rí lọ́dún yìí.

Gbogbo ìlú wa, Akpassi, mọ̀ pé alágbára ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ru àpò kajú mẹ́rin láti oko dé Bantè, mo tún gbé kẹ̀kẹ́ mi lé wọn lórí! Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn tó rí mi. Wọ́n ti kú tán.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í bèèrè agbára ẹni. Ó jókòó sínú ẹ̀dọ̀ mi. Dókítà obìnrin kan nílé ìwòsàn Savalou sọ pé ẹ̀rọ kan wà lókèèrè tó ń fi ìtànṣán jó o, àmọ́ ìtànṣán náà lè ba ibi tó ṣì dára nínú ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi á lè fara dà á. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ikùn mi bóyá omi wà níbẹ̀, ó ṣírò, ó kọ márùn-ún sínú ìwé.

Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta, kí ni mo mọ̀? Mo gbé ìwé náà fún Gaspard, àbúrò mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà nílé ìwé àwọn fadá. Ó fi awò sójú, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, máàkì márùn-ún nínú ogún! Ẹ̀dọ̀ yín ti fìdí rẹmi."

Ṣé ó bi dókítà? Rárá o! Ó pe ẹbí jọ, ó ní bí ìtànṣán bá kan irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bá pinnu pé n kò ní lọ mọ́. Kí n jókòó, kí n máa jẹ ohun tó wù mí. Ẹ ò rí ìfẹ́!

Lọ́jọ́ kẹta, mo jí, mo bá akunlé lórí àkàbà níwájú ilé mi. Ẹ kúkú mọ ìgbà tí a máa ń kun ilé arúgbó lọ́dọ̀ wa: kí ojú má baà ti ẹbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ̀ wá sìnkú. Gaspard tiẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ràn búlúù.

N kò bá a jà. Mo gun alùpùpù zémì, ó di Savalou.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní márùn-ún ni òǹkà yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó ṣe ń ga sí i ni ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ sí i. "Bàbá, kò sí ẹni tó lè gba èyí tó dára ju tiyín lọ."

Mo bi í pé ọdún mélòó ló kù fún mi. Ó ní ìṣirò náà kò mọ èmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn jọ tèmi ló mọ̀.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ síbi ẹ̀rọ náà lókèèrè, wọ́n sì fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò: òǹkà náà ti di mẹ́fà. Dókítà ní bó bá fi méjì gòkè ni ẹ̀rù ìbá ba òun, pé àwọn á máa ṣọ́ ọ.

Gaspard ńkọ́? Kò tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn dókítà ló ṣàṣìṣe, pé ta ló ń bẹ̀rẹ̀ máàkì láti márùn-ún!

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá kọ nǹkan nípa ara yín sínú ìwé, ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó ní awò. Ta ló ti fi ìmọ̀ rẹ̀ fẹ́ sin ẹ̀yin náà láàyè rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ṣì wà láyé, màá kà á.