Orúnkún Mi àti Àjẹkù Bọ̀dá Làmídì

Orí àkàsọ̀ ni mo wà ní Maitama, pákó lórí èjìká, nígbà tí orúnkún ọ̀tún mi dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Kò dùn mí lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni ìrora wọlé, ẹsẹ̀ kọ̀, kò ká mọ́. Bọ̀dá Làmídì, ọ̀gá káfíńtà wa tó mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbá mi mú títí mo fi délẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ilé àwọn ọlọ́lá là ń kàn lórùlé nígbà náà, àwa fúnra wa ń gbé Karmo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Mo ń rẹ́ pákó nílẹ̀ ná, àmọ́ kọngílá tó gbé iṣẹ́ fún wa sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí ilé tó kàn bá dé òrùlé, ẹni tí kò bá lè gun òkè, kó máa lọ sílé. Bí orúnkún mi kò bá san, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ní ọsibítù, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Dókítà tẹ orúnkún náà, ó yí i, mo pariwo. Ó ní egungun kò ṣẹ́. Ohun rírọ̀ tó wà bíi tìmùtìmù láàárín egungun ló ní ìpalára, ara mi sì ti wúwo jù fún un. Kí n dín ara kù díẹ̀, kí n má sì febi pa ara mi. Díẹ̀ náà ni kílò mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí oúnjẹ, ìyá Ìlọrin kan, ló ṣàlàyé kálórì fún mi. Bí a ṣe ń fi lítà wọn epo mọ́tò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kálórì wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, gíga mi, ìwọ̀n ara mi àti iṣẹ́ mi, ó ṣírò rẹ̀, ó ní ara mi ń ná nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́. Kí n yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kúrò. Bí mo bá ń jẹ ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, ara á máa fa ìyókù nínú ọ̀rá tó ti kó pamọ́. Ó di ìkúùkù rẹ̀ kí n rí i: ẹ̀bà tó tó ìkúùkù méjì ti tó fún ọ̀sán.

Ó rọrùn lẹ́nu! Ta ló ń bu oúnjẹ sínú àwo tirẹ̀ níbi iṣẹ́? Tíréè kan ni gbogbo àwa káfíńtà ń jọ jẹ. Mo ní kí n máa ka òkèlè. Òkèlè wo? Bí mo bá bu kékeré, Rájì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á ti ẹ̀bà síwájú mi: "Jẹun jàre, àbí wọ́n kọ̀ ẹ́ nílé àna ni?" Èyí tó wá burú jù ni àjẹkù. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Bí Bọ̀dá Làmídì bá ti fọwọ́, tí àwọn yòókù tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù ti di tèmi, àti ẹran tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Ìkẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe kẹ́ àwọn náà nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo padà sórí ìwọ̀n ní ọsibítù, kílò kan ti kún un! Ó kù díẹ̀ kí n ju bàtà lu nǹkan náà.

"Kí lo ń jẹ gan-an?" nọ́ọ̀sì bi mí.

"Mà, mi ò mọ̀!" Òótọ́ ni mo sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé abọ́ tèmi wá. Mo bu ẹ̀bà sí i, mo lọ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lọ́tọ̀. Rájì ló kọ́kọ́ lanu.

"Kai! Àlàájì ti dé. Ṣé májèlé la fi sí tiwa ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Bọ̀dá Làmídì. Ó fọwọ́, ó dìde. Àjẹkù wà nínú tíréè, eṣinṣin ń bò ó.

"Wá kó o," ló wí.

Gbogbo rẹ̀ ti sú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àjẹkù yín ló ba orúnkún mi jẹ́." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lójú gbogbo èèyàn.

Ó yíjú sí mi. "Èmi tí n kì í jẹ yó nítorí ẹ?" Ó mú òòlù rẹ̀, ó gun òkè lọ.

Mi ò mọ̀. Mo rò pé ó máa ń yó ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i yẹn ṣì ń dùn mí ju orúnkún lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní yàrá rẹ̀, mo sì ṣàlàyé kálórì bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó tẹ́tí títí mo fi parí.

"O ò wá lè sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí? Ṣé kálórì náà ló di ẹ́ lẹ́nu?"

Láti ìgbà náà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan ẹ̀bà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gé ìkúùkù méjì sí apá ọ̀dọ̀ mi, á ní, "Ààlà ẹ nìyí." Èmi ọmọ kékeré ni mo wá ń kọ́kọ́ dìde, nítorí pé ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Kò yá rárá. Nígbà míì, ìwọ̀n á dúró sójú kan, inú á máa bí mi, Rájì á ní kí n lọ gé irun, bóyá òun ló wúwo. Nígbà tí ilé kejì fi máa dé òrùlé, kílò mẹ́rin ló lọ, kì í ṣe mẹ́fà. Mo gun àkàsọ̀. Orúnkún ṣì ń ta mí bí mo bá ń sọ̀, àmọ́ ó ń ká.

Ìwọ tí wọ́n bá ṣírò kálórì fún, sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹun kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ti ń pe ara yìí ní tèmi nìkan, láìronú nípa ọwọ́ tó bọ́ ọ. Mo dúpẹ́ pé ara náà ṣì ń gbé mi. Lọ́sàn-án, bí mo bá ti dìde, mo máa ń bojú wẹ̀yìn wo Bọ̀dá Làmídì bó ṣe ń fi ìka nu etí tíréè. Ó ń yó báyìí.