Ojú Àpá Tó Wà Nílẹ̀ Pálọ̀ Alhájà

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìmọ́tótó pa Alhájà Sìdíkátù. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nìyẹn tí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, àwọn èèyàn á sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà o.

Iṣẹ́ títún ilé ṣe ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí eruku ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé tán, tí àwọn ìdílé Mùsùlùmí àdúgbò àtijọ́ sì fẹ́ kí ilé mọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Nígbà yẹn, ilé tí kò bá ta èèyàn nímú kò tíì mọ́ lójú mi. Mo ní báàgì kan tó kún fún bílíìṣì, ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti pólíìṣì oríṣiríṣi. Tí mo bá gbé báàgì yẹn kọ́ èjìká, ẹ ò lè bá mi sọ̀rọ̀.

Ilé Alhájà wà ní Igbein. Ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ló wà níwájú ilé, ojú oórì ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé. Òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá náà, ó sì ní ikọ́ fée. Wọ́n sọ fún mi, mo gbọ́, mo gbàgbé. Mo da bílíìṣì sílẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo tún da ásíìdì lé e, torí mo rò pé méjì á ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé! Èéfín tó jáde níbẹ̀ gbá mi lọ́fun, ojú mi ń ṣomi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí Alhájà ń mí fín-ín fín-ín ní yàrá kejì, níbi tó ti ń ka tẹ̀súbáà. Mo sáré pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, mo gbé e jáde síta. Aládùúgbò kan ló bá a wá ohun tó máa ń fín sẹ́nu rí. Ó pẹ́ kí èémí rẹ̀ tó wálẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀, Bùròdá Kàmọ́rù, dé. Mòwé ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń lọ síṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó. Mo kúnlẹ̀, kò tilẹ̀ wojú mi.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Eruku ń bá yín jà, ẹni tó wá nu eruku náà tún fẹ́ pa yín. Ẹ ó máa bá mi lọ."

"Sínú yàrá méjì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Kàmọ́rù, bàbá rẹ wà lẹ́yìnkùlé níbí. Ta lo fẹ́ kí n fi í sílẹ̀ fún?"

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ààwẹ̀. Tí òun bá rí eruku, tàbí tí òun bá gbọ́ òórùn kẹ́míkà kankan nínú ilé náà, òun ń di ẹrù ìyá òun nìyẹn. Mo sunkún délé ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ lé ìyá arúgbó kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Mi ò rò pé wọ́n á tún pè mí, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà Alhájà ránṣẹ́ sí mi.

"Ìyá Ràfíù, ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe. Àmọ́ fi báàgì májèlé yẹn sílé."

"Kí ni n ó wá fi fọ ilé, mà?"

"Kí lo rò pé à ń fi fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bí ẹ?"

Bí mo ṣe padà di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, lẹ́ni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Alhájà jókòó sábẹ́ ibòòji lẹ́yìnkùlé, ó fi ìborùn bo imú, ó ń pàṣẹ. Mo gbé ìgbálẹ̀, ó pariwo mọ́ mi: "Ta ló ní kí o gbá eruku ọyẹ́ ní gbígbẹ? Àyà mi lo ń gbá a sí!" Aṣọ tútù ni mo fi nu gbogbo ilé, láti àjà wá sísàlẹ̀. Mo gba eérú igi lọ́wọ́ alákàrà, mo rẹ ẹ́ sómi, mo sẹ́ ẹ. Omi náà ló bọ́ ọ̀rá tó ti gbó mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ọṣẹ dúdú tí mo pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi fọ ògiri yòókù, pẹ̀lú kànhìnkànhìn. Ó ní kí n lọ wá ewé ìpín fún àwọn ilẹ̀kùn igi, ewé tó rí págunpàgun tí àwọn ìyá wa fi ń ha igbá. Oko kan ní Alábàtà ni mo ti rí i já. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọjá bi mí pé, "Mà, ewúrẹ́ mélòó lẹ ní?" Mo ní mẹ́fà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọsàn wẹ́wẹ́. Mo là á, mo fi ha ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti funfun, ó sì ń kọ mọ̀nà. Orí mi wú. Ìgbéraga mi tún padà wá wẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ jìnnà lọ.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, iṣẹ́ ti parí tán, ni mo rí ìpata kan, àbàwọ́n irin tó dógùn-ún, nílẹ̀ pálọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ àpótí irin kan ti dúró fún ọdún púpọ̀. Teráásò ni ilẹ̀ náà, òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ títí tó fi ń dán. Ọkọ Alhájà fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn tó lọ̀ ọ́. Mo ní, ìpata lásán, ọsàn á ṣe é. Mo tẹ́ ọsàn tí mo là sórí rẹ̀, mo lọ kírun, mo jẹun. Nígbà tí mo dé, ìpata ti lọ. Dídán ilẹ̀ náà ti bá a lọ pẹ̀lú. Ojú àpá funfun págunpàgun, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ló kù láàárín pálọ̀.

Mo fi omi fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ nù ún, kò gbọ́. Pólíìṣì kan wà nínú báàgì mi nílé tó lè mú un dán, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni òórùn rẹ̀ á fi wà nílé. Mo rò ó o, irọ́ kò sí níbẹ̀. Mo ti bọ́ sí ẹnu ọ̀nà kí n tó padà lọ sọ fún Alhájà.

Ó wò ó títí. "Ọsàn tó jẹ ìpata, o ò rò pé á jẹ òkúta?"

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"Lóòótọ́. N kò sọ fún ẹ."

Ní Sátidé, Bùròdá Kàmọ́rù gbé báàgì ńlá méjì tó ṣófo dání wọlé. Ó fi ìka pa abẹ́ fáànù, ó fi pa orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ fi imú gbóòórùn nínú ilé ìwẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló dé pálọ̀.

"Kí nìyí? Ilẹ̀ bàbá mi! Ta ló ṣe é?"

Mo la ẹnu, Alhájà sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Èmi ni mo ní kó lo ọsàn. N kò sọ ibi tí kò gbọdọ̀ fi kàn fún un. Kàmọ́rù, jókòó. Bàbá rẹ ṣe ilẹ̀ yìí kí n lè máa rìn lórí rẹ̀. Tó o bá gbé mi lọ, tí gbogbo rẹ̀ wá ń dán, ta ló fẹ́ rìn lórí rẹ̀?"

Ó bá a sọ̀rọ̀ lọ, nípa ọkọ rẹ̀, nípa àwọn oníbàárà tó ń wá kí i ní ìsọ̀, nípa ààwẹ̀ tó fẹ́ gbà nílé ara rẹ̀. Bùròdá Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ojú àpá náà. Nígbà tó yá, ó gbé ojú sókè.

"Màámi, láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ ò tíì húkọ́."

Bí báàgì méjèèjì ṣe ṣófo, bẹ́ẹ̀ ló gbé wọn padà sí Mòwé. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

Látìgbà náà, mi ò lo báàgì kẹ́míkà mi yẹn mọ́. Birikílà kan ti ní òun lè tún ojú ibẹ̀ lọ̀, Alhájà kọ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́ báyìí, ilé Alhájà sì ni mo máa ń kọ́kọ́ mú ẹni tuntun lọ. Màá ní kó bọ́ bàtà, kó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ tó ń dán, kó tún fi pa ojú àpá náà. Màá wá sọ fún un ohun tí bílíìṣì ṣe àti ohun tí ọsàn ṣe, torí èmi kan náà ni mo lo méjèèjì láìbéèrè.

Alhájà á wà lórí àga rẹ̀, á máa wò wá.

"Sọ gbogbo rẹ̀ fún un," á ní. "Má ṣe fún un bí mo ṣe ṣe fún ẹ."