Ihò Méje Lára Ògiri Bèbè Ọ̀sà

Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ mú wá fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tó dá ẹ̀mí mi sí láti sọ ohun tí mo fojú rí nílé ọkọ mi ní Ìwòrò.

Orí bèbè ọ̀sà ni ilé náà wà. Sàréè bàbá ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sínú omi. Lọ́dọọdún ni òjò ń já díẹ̀ lọ nínú bèbè náà. Nígbà tí owó epo dé, tí sìmẹ́ńtì kún ìlú, ọkọ mi mọ ògiri gbàgìdì dí ojú rẹ̀. Bíríkìlà rẹ́ ẹ dán, kò fi ihò kankan sílẹ̀, inú wa sì dùn. Nígbà tó di òjò ọdún kejì, ògiri náà yọ ikùn síta, ilẹ̀ sì là lẹ́bàá sàréè. Ìyá ọkọ mi ò jẹun kánú mọ́.

Ọkùnrin Ẹ̀gùn kan láti Apá, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ títì márosẹ̀, wá wò ó. Ó ní ọ̀sà kọ́ ló ń bá wa jà. Omi òjò tó wọlẹ̀ ni kò rọ́nà jáde, òun ló ń ti ògiri láti ẹ̀yìn. Ó ní ká dá ògiri náà lu.

Ìyá bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. “Ògiri tó ti fẹ́ wó, ìwọ tún fẹ́ dá a lu?”

“Ìyá, ẹ má bínú. Ó ti mu omi yó, ẹ ò sì jẹ́ kó tọ̀.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí a ti rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní kó máa dá a lu.

Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú irin àti òòlù. Mo ń ka gbogbo àdúà tí mo kọ́ nílé kéwú, mo rò pé ògiri yóò wó lù ú. Àfi bí omi ṣe tú jáde, tòun tẹrẹ̀, tó ta dénú ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ki ọparun tó ti dá lu bọ ihò náà, ó ti fi èèpo àgbọn wé orí tó wọ inú, kí iyanrìn má baà tẹ̀lé omi. Ihò méje ló lu. Nígbà tí a ó fi kírun Làásárì, omi náà ti mọ́ gaara, kò sì dáwọ́ dúró.

Gbogbo omi yìí wà lábẹ́ ibi tí à ń sùn, Ọlọ́hun nìkan ló mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, bí òjò bá ti dá, ìyá á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, á máa gbọ́ bí omi ṣe ń já. Ibẹ̀ náà la sin òun sí níkẹyìn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì sún.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yẹ̀, kó sì la ọ̀nà fún ohunkóhun tó bá sé mọ́ yín nínú. Àmín.