Ilẹ̀ Tí Ọkọ Mi Gbá ní Jámánì

Orogún mi kì í ṣe ọmọge. Ìyá arúgbó kan ni, opó, ní ìgbèríko Jámánì, tí ọkọ mi dé sílé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkọ mi ń kà ní yunifásítì ní Manchester, ìwádìí rẹ̀ ló sì gbé e lọ sí Jámánì. Wọ́n ti kó àwọn abúlé kéékèèké jọ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ní agbègbè ìyá náà, síbẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, ó sì ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.

Látìgbà tó ti padà sílé wa ní Moss Side, ní Manchester, ni etí mi kò ti sinmi. Búrẹ́dì abúlé yìí, wàrà abúlé tọ̀hún. "Bí o bá pàdé ẹni tí o ò mọ̀ rí lọ́nà, á kí ẹ!" Èmi tí mo ti nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ọsibítù ní Crumpsall láti àárọ̀ ń gbọ́, inú ń bí mi. Mo jowú ìyá náà, mo tún jowú abúlé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni ọkọ mi kó fọ́tò jáde. Ọkọ mi nìyí, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó di ìgbálẹ̀ onígi gígùn mú ní títì gbangba, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lèyí?"

"Every Saturday, gbogbo ilé ló ń gbá iwájú ilé wọn dé àárín títì. Culture wọn ni. Ẹsẹ̀ ń dun màmá, mo bá ní kí n bá wọn gbá a."

Màmá! Ọkùnrin tí kò gbálẹ̀ rí látìgbà tó ti fẹ́ mi! Ẹ má sọ fún mi pé ìyá náà dàgbà. Owú kì í béèrè ọjọ́ orí. Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé ìgbálẹ̀ fún un.

"Dádì, iwájú ilé wa rèé."

Ó yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì títì.

"Mummy, wọ́n á ní o ti fún mi ní nǹkan jẹ."

"Kí làwọn ará Jámánì sọ?"

"Àwọn yẹn ò mọ̀ mí."

"Èmi mọ̀ yín. Ẹ gbá a."

Ó dìde. Mo rò pé ìlẹ̀kùn ló fẹ́ ṣí. Kọ́tìnnì ló lọ fà. Lẹ́yìn náà ló gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pálọ̀, jẹ́jẹ́, kí ará ìta má baà gbọ́.